Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi áàpù àti íntánẹ́ẹ̀tì kẹ́kọ̀ọ́, ẹ wá sọ bó ṣe rí fún yín

Akẹ́kọ̀ọ́_Àgbà: Ẹ kú ìjókòó o ẹ̀yin ará. Ọ̀gá wa níbi iṣẹ́ ní ká lọ gba kọ́ọ̀sì lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àbúrò mi náà ní áàpù lòun fi ń kàwé báyìí. Ṣé ó ń dúró lórí ṣá, àbí fídíò lásán lẹ̀ ń wò? Ìrírí tiyín ni kẹ́ ẹ sọ o, kì í ṣe èyí tẹ́ ẹ gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíì.

Ṣẹ̀ṣẹ̀dé: Mo bẹ̀rẹ̀ márùn-ún, mo parí ọ̀kan. Ọ̀kan yẹn wúlò gan-an.

Ọmọ_Excel: Iṣẹ́ ló fipá kọ́ èmi. Wọ́n gbé àkọsílẹ̀ ọjà lé mi lọ́wọ́ nínú Excel, mo wá ń wo fídíò lálaalẹ́, mo ń mirí, gbogbo ẹ̀ ń yé mi yékéyéké, tó bá di àárọ̀ ọjọ́ kejì kò ní sí ọ̀kan tó kù. Ìgbà tí mo wá ń dá fídíò dúró, tí mo ń pa á dé, tí mo ń fọwọ́ ara mi ṣe é lórí fáìlì iṣẹ́ mi gan-an, ìgbà yẹn ni VLOOKUP, ìlànà Excel tó ń bá èèyàn wá nǹkan jáde nínú àkọsílẹ̀, tó wọlé. Ẹ gbọ́ o, tẹ́ ò bá fi FALSE sí ìparí ẹ̀, ó lè mú nọ́ńbà ẹlòmíì jáde fún yín, kò sì ní sọ fún yín pé òun ṣì í mú. Fídíò tí mo wò ò tiẹ̀ mẹ́nu bà á.

Tíṣà_Ìṣirò: Ohun tẹ́ ẹ ṣe yẹn ni mo ń bẹ àwọn ọmọ kíláàsì mi pé kí wọ́n máa ṣe. Ebbinghaus ará Jámánì ti fi ara ẹ̀ dán an wò, ó kọ ọ́ síwèé lọ́dún 1885. Ó ń há àwọn sílébù tí kò nítumọ̀ sórí, ó wá ń wo bó ṣe ń yára kúrò lórí òun. Kíá ló máa ń lọ níbẹ̀rẹ̀, àfi téèyàn bá ń padà sí i. Orí ìyẹn náà ni áàpù Anki tó jáde ní 2006 dúró lé: ó bi ẹ́ ní ìbéèrè, tó o bá gbà á, ó di ọjọ́ mìíì, tó o bá gbàgbé, ó tún gbé e padà wá bá ẹ láìpẹ́.

Jàre_Ó_Ti_Sú_Mi: Anki burẹ́wà.

Bàbá_Onífónù: Duolingo, áàpù tí wọ́n fi ń kọ́ èdè, ń kọ́? Iná tó ń ka ọjọ́ tí mo fi kẹ́kọ̀ọ́ láìdáwọ́ dúró ò tíì kú láti ọdún tó kọjá!

Jàre_Ó_Ti_Sú_Mi: Èdè wo lẹ̀ ń kọ́?

Bàbá_Onífónù: Faransé.

Jàre_Ó_Ti_Sú_Mi: Ó yá, ẹ kọ gbólóhùn mẹ́ta síbí, ẹ má wo áàpù o.

Bàbá_Onífónù: Mò ń bọ̀.

Àdùkẹ́_Kò_Jí_Ìwé: Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi torí ó ṣì ń dùn mí. Mo fọwọ́ ara mi kọ àròkọ, ilé-ẹ̀kọ́ tì í bọnú sọ́fítíwíà tó ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá AI, ẹ̀rọ tó ń dá kọ̀wé fúnra ẹ̀, ló kọ ọ́, sọ́fítíwíà ní AI ni. Mo ṣàlàyé títí, wọ́n ní ẹ̀rọ kì í parọ́. Ohun tó gbà mí ni pé inú Google Docs ni mo ti kọ ọ́, ó sì ń tọ́jú gbogbo bí mo ṣe kọ ọ́, ibi tí mo pa rẹ́, aago tí mo kọ ọ́. Wọ́n wò ó, wọ́n ní kí n máa lọ. Kò sẹ́ni tó tọrọ àforíjì.

Ọmọ_Excel: Ẹ̀rọ kì í parọ́ kẹ̀? OpenAI tó ṣe ChatGPT gbé irú sọ́fítíwíà yẹn jáde ní oṣù Kìíní 2023, oṣù Keje ọdún yẹn kan náà ni wọ́n yọ ọ́ kúrò torí kò mọ̀ ọ́n yà tó. Àwọn tó ṣe AI gan-an ò rí i yà!

Ṣẹ̀ṣẹ̀dé: Pẹ̀lẹ́ Àdùkẹ́. Ó mà ń bí èèyàn nínú o.

Tíṣà_Ìṣirò: Ẹ má bínú, ẹ ro tàwa tíṣà náà mọ́ ọn. Àròkọ mẹ́wàá á jọra, ọmọ ò ní lè sọ ohun tó kọ. Èmi kì í lo sọ́fítíwíà yẹn o, tí iṣẹ́ ọmọ kan ò bá ti jọ ti tẹ́lẹ̀, mo máa pè é kó wá ṣàlàyé ìlà kan fún mi.

Àdùkẹ́_Kò_Jí_Ìwé: Ọmọ tó ṣiṣẹ́ kára tó sì tẹ̀ síwájú ń kọ́ sà? Òun náà lẹ máa pè bí olè nìyẹn.

Tíṣà_Ìṣirò: Ọ̀rọ̀ yẹn tọ́. Ó máa dáa kí n máa pe gbogbo wọn, lọ́kọ̀ọ̀kan, kó má jọ ẹ̀sùn.

Etí_Ni_Mo_Fi_Ń_Kàwé: Ẹ̀yin ń jà lórí AI. Ojú tèmi ò ríran, NVDA ni mo fi ń lo kọ̀ǹpútà, ó máa ń ka ohun tó wà lójú ẹ̀ síta fún mi. Ọ̀fẹ́ ni. Michael Curran ará Ọsirélíà, tí ojú òun náà ò ríran, ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní 2006, ó sì ti jẹ́ kí n ka ìwé tí kò sẹ́ni tó máa kà á fún mi. Àmọ́ kọ́ọ̀sì tí wọ́n ní ká gbà níbi iṣẹ́, ohun tí mò ń gbọ́ níbẹ̀ ò ju "button, button, button" lọ, wọn ò sọ bọ́tìnì kankan lórúkọ. Ìdánwò ẹ̀ ní kí n fi mouse fa àwòrán sínú àpótí. Wọ́n wá kọ ọ́ pé mi ò parí kọ́ọ̀sì.

Akẹ́kọ̀ọ́_Àgbà: Háà! Ẹ̀gbọ́n, ẹ pẹ̀lẹ́. Ṣé wọ́n ti tún un ṣe?

Etí_Ni_Mo_Fi_Ń_Kàwé: Rárá o.

Akọ́ọ̀sì: Irú kọ́ọ̀sì bẹ́ẹ̀ ni mò ń ṣe jẹun. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀gbọ́n, kí lẹ fẹ́ kí bọ́tìnì máa wí?

Etí_Ni_Mo_Fi_Ń_Kàwé: Ohun tó máa ṣe: "Tẹ̀síwájú", "Padà", "Fi ìdáhùn ránṣẹ́". Tó bá jẹ́ àwòrán, ẹ kọ ohun tó wà níbẹ̀ sí alt text ẹ̀, ìyẹn ọ̀rọ̀ tí NVDA máa kà fún mi dípò àwòrán. Tẹ́ ẹ bá ti ṣe é tán, ẹ gbé mouse tì, ẹ fi Tab àti Enter nìkan gba gbogbo kọ́ọ̀sì náà kọjá. Ibi tẹ́ ẹ bá há sí, ibẹ̀ lèmi náà máa há sí.

Jàre_Ó_Ti_Sú_Mi: Fún èmi tí etí mi ò gbọ́ dáadáa, ẹ bá mi tún ọ̀rọ̀ abẹ́ fídíò yẹn kà kẹ́ ẹ tó gbé e síta. Èyí tí ẹ̀rọ ń dá kọ fúnra ẹ̀ máa ń ṣi orúkọ àti nọ́ńbà gbọ́, orúkọ àti nọ́ńbà yẹn ni wọ́n sì máa ń bi wá nínú ìdánwò.

Akọ́ọ̀sì: Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀. Èyí tí mò ń ṣe lọ́wọ́ báyìí ni mo máa fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ lè bá mi gbà á kọjá tí mo bá parí ẹ̀?

Etí_Ni_Mo_Fi_Ń_Kàwé: Ẹ fi ránṣẹ́.