Iṣẹ́ ọkọ mi: ìròyìn ti dé o

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú àdúrà o. Ẹ rántí pé mo kọ ọ́ síbí nígbà yẹn pé wọ́n dá bàbá àwọn ọmọ mi dúró níbi iṣẹ́, àdúrà ti wá sú mi, mo ń bèèrè pé ṣé Ọlọ́run tiẹ̀ ń gbọ́ ni. Ó ti ríṣẹ́ o! Kì í ṣe ti Áílàǹdì tá à ń gbààwẹ̀ lé lórí, Ìkejà ni, owó ẹ̀ ò tó ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n láti Ṣómólú níbí ó ń tètè wọlé, kò sí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Third Mainland mọ́.

Ẹni tó ní kí n wo bí Ábúráhámù inú Bíbélì ṣe dúró de ọmọ tí Ọlọ́run ṣèlérí fún un, ẹ ṣé, àmọ́ ẹ̀rù lẹ dá bà mí jàre 😂 ẹni ọdún 75 ló kúrò ní Háránì, ó pé 100 kó tó bí Ísákì, ọdún 25! Lanlọ́ọ̀dù wa ò lè dúró tó yẹn. Ti Hánà, ìyá Sámúẹ́lì, ló ràn mí lọ́wọ́, torí ó gbàdúrà fún ọmọ tán, ó lọ jẹun, ojú ẹ̀ ò fàro mọ́, bẹ́ẹ̀ oyún ò tíì dé rárá o. Èmi náà bá bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun, mo ń sùn, mo gbé tábìlì síta mo ń ta ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín láàárọ̀, mi ò sì ní fi í sílẹ̀ báyìí.

Àwọn tó ń fún mi ní nọ́ńbà wòlíì tó ń gba owó irúgbìn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa mú un lọ. Ẹni tó bá ṣì ń dúró, kọ orúkọ ẹ síbí, a máa dárúkọ ẹ níbi ìṣọ́ òru Fúráídè.