Àbọ̀ lórí ìlẹ̀kẹ̀ tó ń já lára bàtà: ọ̀rọ̀ ti yanjú

Ohun méjì ni mo béèrè: kí ló ń mú ìlẹ̀kẹ̀ tí a rán mọ́ bàtà kánfáàsì àtijọ́ máa já, kí ló sì ń mú jíínsì súnkì nídìí òdòdó tí a fi òwú ṣe? Ẹ ṣeun o, ìdáhùn ti dé.

Ibi tí bàtà ti ń ká, lẹ́yìn ọmọ ìka ẹsẹ̀, ni òwú ti ń já. Ẹ fi ibẹ̀ sílẹ̀ lófìfo. Ẹ̀gbẹ́ àti ẹ̀yìn bàtà ló gba ìlẹ̀kẹ̀. Ẹ ṣẹ́ òwú pólísítà po sí méjì, ẹ fi ìda oyin pa á. Ẹ to ìlẹ̀kẹ̀ 4, ẹ gún abẹ́rẹ́ wọlé, ẹ mú un jáde láàárín ìkejì àti ìkẹta, kí ẹ tún gba inú méjì tó gbẹ̀yìn kọjá. Lẹ́yìn ìlẹ̀kẹ̀ mẹ́jọ-mẹ́jọ, ẹ ta kókó sínú bàtà, kí gbogbo rẹ̀ má baà tú tí òwú bá já. Abẹ́rẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ó máa ń ṣẹ́ nínú kánfáàsì. Ẹ kọ́kọ́ fi abẹ́rẹ́ tó nípọn lu ihò. Gúlù nìkan? Ẹ gbàgbé ẹ̀, bàtà á ká, á sì ṣí.

Ti jíínsì kò le. Òwú tí a fà jù ni, pàápàá nígbà tí kò sí sítéè (aṣọ líle tí a fi ń ti aṣọ kó má baà súnkì) lẹ́yìn aṣọ. Nínú okùn tẹ́ẹ́rẹ́ 6 tó para pọ̀ di òwú òdòdó, 3 ti tó, kó má gùn ju sẹ̀ǹtímítà 45 lọ, torí ó máa ń lọ́ pọ̀.