Ẹ̀ṣẹ́ tó pa Claggart: bí mo ṣe ka Billy Budd

Ìwé wo lẹ ti kà lọ́nà deconstruction, ìyẹn kíkà fínnífínní láti rí ibi tí ọ̀rọ̀ inú ìwé ti ń tako ara rẹ̀? Ìwé Herman Melville, òǹkọ̀wé ará Amẹ́ríkà, tó ń jẹ́ Billy Budd ni tèmi. Inú ọkọ̀ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì ni ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn kà á pé Billy, ọ̀dọ́ atukọ̀, ni ọmọlúàbí, Claggart, ọ̀gá tó ń ṣọ́ ìwà àwọn atukọ̀, ni ìkà, Vere ọ̀gá ọkọ̀ náà sì ni òfin. Ní kíláàsì wa ní Amẹ́ríkà, olùkọ́ wa fún wa ní àròkọ tí Barbara Johnson, onímọ̀ lítíréṣọ̀ ará Amẹ́ríkà, kọ lórí rẹ̀ ní 1979, ó ní ká kà á pọ̀ mọ́ ìtàn náà, ìlà sí ìlà. Johnson yìí náà ló tú ìwé Dissemination ti Jacques Derrida, onímọ̀ ọgbọ́n orí ará Faransé tó dá deconstruction sílẹ̀, sí èdè Gẹ̀ẹ́sì.

Ibi tó mú mi jù ni inú yàrá Vere. Ọdún 1797 ni, ọ̀tẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì, ara àwọn ọ̀gá ò balẹ̀. Claggart wo Billy lójú, ó ní ó ń dìtẹ̀. Billy máa ń kólòlò bí ọkàn rẹ̀ bá gbóná, ẹnu rẹ̀ wá kọ̀ pátápátá. Vere gbé ọwọ́ lé e léjìká, ó ní kó má kánjú, kó fara balẹ̀ sọ ọ́. Ohùn jẹ́jẹ́ yẹn gan-an ló dá kún un: ọmọ náà ń sáré àtidáhùn, ohùn ò jáde, ọwọ́ ló jáde. Ẹ̀ṣẹ́ kan níwájú orí, Claggart ti kú.

Ẹ wá wo bí Johnson ṣe kà á. Irọ́ ni Claggart pa pé Billy fẹ́ gbógun ti àwọn ọ̀gá. Ẹ̀ṣẹ́ tí Billy fi sọ pé irọ́ ni, òun náà ló sọ irọ́ di òótọ́. Aláìmọwọ́mẹsẹ̀ di apààyàn, ìkà di ẹni tí wọ́n pa. Melville fúnra rẹ̀ sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn méjèèjì pààrọ̀ àyè. Ẹni tó ní deconstruction ni kéèyàn máa sọ ohun tó bá wù ú nípa ìwé, kò tíì jókòó ti àròkọ yìí.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan ní kíláàsì wa tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ṣọ́jà ní kí ni Vere ì bá tún ṣe lójú ogun. Mi ò gbà. Vere nìkan ni ẹlẹ́rìí, òun ló yan àwọn adájọ́, òun náà ló rọ̀ wọ́n títí wọ́n fi ní kí wọ́n yẹgi fún Billy. Àwa tí wọ́n fi agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dájọ́ kìlọ̀ fún láti kékeré, ibẹ̀ ò lè ṣàìdùn wá. Kódà dókítà inú ọkọ̀ ń rò ó bóyá orí Vere ti dàrú.

Wọ́n yẹgi fún un tán, ìtàn ò tán. Ìwé ìròyìn kan gbé e pé ọ̀bẹ ni Billy fi gún Claggart, pé Claggart ni olóòótọ́ tó fẹ́ràn ìlú rẹ̀. Orin àwọn atukọ̀ tẹ̀lé e, tiyẹn náà tún yàtọ̀. Melville kú ní 1891 láì parí rẹ̀, ó di 1924 kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ jáde.

Ìtàn Melville mìíràn, Benito Cereno, tó jáde ní 1855 ni mo gbé dání báyìí. Àwọn ẹrú ọmọ Áfíríkà gba ọkọ̀ mọ́ àwọn ará Sípéènì lọ́wọ́. Ìwé ẹ̀rí ilé ẹjọ́ ló wá ń sọ ìtàn wọn, Babo olórí wọn ò sì dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Inú ń bí mi sí ìwé ẹ̀rí yẹn gan-an. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti kà á lọ́nà yìí, báwo lẹ ṣe kà á níbẹ̀?