"You all right?" tí wọ́n ń bi mí láràárọ̀ yìí, kí ni kí n máa fèsì?

Àdùkẹ́_Derby:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Derby, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí. Bí mo bá ti wọlé láàárọ̀, ẹni àkọ́kọ́ á ní "You all right?", ẹni kejì á tún bèèrè. Àyà mi a sì já: ṣé ojú mi le ni? Ní Mushin tí wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, ẹni tó bá bi ọ́ ní "Are you all right?" ń wá ìjà ni. Orí ẹ ló ń bèèrè bóyá ó pé! Ti ibí yìí tún wá yàtọ̀, kí n tó la ẹnu dáhùn, ẹni tó bèèrè ti kọjá lọ.

Bọ̀dá_Kúnlé:
Àbúrò, ìkíni lásán ni. Bí ìyá alákàrà bá ní "Ṣé dáadáa ni?", ṣé o máa ń ka àìsàn rẹ fún un ni? "Yeah, you?" ti tó, má tilẹ̀ dúró. Ohùn ni kó o máa ṣọ́. Ẹni tó bá dúró, tó wò ọ́ lójú, tó rọra ní "*Are* you all right?", onítọ̀hún ti rí nǹkan lára rẹ.

Nọ́ọ̀sì_Àgbà:
Òótọ́ ni Bọ̀dá sọ, àmọ́ níbi iṣẹ́ wa, ìdáhùn ló léwu ju ìbéèrè lọ. Bí o bá fi tíì lọ bàbá kan tó ní "I'm all right, thanks", kò fẹ́ nìyẹn. Ìyẹn rọrùn. Ṣùgbọ́n bi màmá kan bóyá ibì kan ń dùn ún, á ní "I'm all right, love", ìbàdí sì ń pa á kú lọ. Àwọn arúgbó wọn kì í fẹ́ yọ èèyàn lẹ́nu rárá. Má kàn kọ ọ́ sínú ìwé pé kò sí nǹkan. Wo ojú rẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ bá ń yí i lórí bẹ́ẹ̀dì. Bó bá fún ojú pọ̀ tàbí tó rọ̀ mọ́ irin bẹ́ẹ̀dì, sọ fún nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu iṣẹ́.

Ìyá_Bọ́lá:
Tí wọ́n bá ní "You all right there?" ní ṣọ́ọ̀bù ńkọ́? Kí lẹ fẹ́ rà ni wọ́n ń sọ yẹn o. Bí wọ́n bá sì fi "duck" (pẹ́pẹ́yẹ) kún un, ẹ má bínú, bí wọ́n ṣe ń kẹ́ èèyàn ní Derby nìyẹn.

Àdùkẹ́_Derby:
Ẹ ṣé gan-an ni. Háà, Ìyá Bọ́lá! Mo ti ń rò ó pé bí mo ṣe ń rìn ni wọ́n ń fi bú mi.