Afinimọ̀nà kọ́ lẹni tó ń ṣọ́ okùn wa lórí àpáta

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará mi. Ẹ̀gbọ́n wa tó ń gbé ní Kalifọ́níà to àwọn ọ̀rọ̀ kan jọ, wọ́n ní àwọn ń túmọ̀ ìwé ìlànà fún àwọn ọ̀dọ́ Yorùbá tó wà lọ́hùn-ún tí gáìdì máa mú gun òkè Mount Whitney tó wà níbẹ̀ láti apá ìlà oòrùn, níbi tí àpáta ti dúró ṣánṣán, kì í ṣe ojú ọ̀nà tí gbogbo ayé ń fẹsẹ̀ rìn. Gáìdì yẹn, wọ́n pè é ní "afinimọ̀nà orí òkè". Okùn, wọ́n pè é ní "igbà". Gígun irú òkè bẹ́ẹ̀, wọ́n pè é ní "gígun òkè Áápù" (Áápù ni àwọn òkè gíga kan ní Yúróòpù), wọ́n wá to àwọn ọ̀rọ̀ tí àwọn ọmọ náà á máa pariwo sí ara wọn lórí àpáta. Iṣẹ́ ńlá ni, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n gan-an, àmọ́ mi ò lè dákẹ́, torí ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rọ̀ yẹn lè pa èèyàn.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ mú ti afinimọ̀nà. Àwa tá a wà ní Òṣogbo mọ afinimọ̀nà dáadáa. Tẹ́ ẹ bá dé Igbó Ọ̀ṣun tí UNESCO kọ orúkọ ẹ̀ sílẹ̀ lọ́dún 2005, ẹnìkan á mú yín yíká, á sọ ìtàn àwọn ère tí Susanne Wenger, Àdùnní Olórìṣà, àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ mọ síbẹ̀, á fi odò hàn yín, á sọ ibi tẹ́ ẹ ò gbọ́dọ̀ dé. Tí fóònù bá pè é tó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ máa dúró dè é ni, kò sí nǹkan tó máa ṣe yín. Ó fi ọ̀nà hàn yín, ẹsẹ̀ yín lẹ fi rìn ín.

Ti orí àpáta gíga ò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Gáìdì ló máa kọ́kọ́ gùn, okùn á wà lára ẹ̀, á máa ki irin bọ inú pàlàpálá àpáta bó ṣe ń lọ, á fi okùn kọ́ irin yẹn kó bàa lè jẹ́ pé tóun fúnra ẹ̀ bá yọ̀, kò ní já dé ìsàlẹ̀. Tó bá rí ibì kan tó tẹ́ díẹ̀ (mo rò pé pèpéle ló yẹ ká máa pe irú ibẹ̀, ọ̀rọ̀ náà ti wà nílẹ̀ tipẹ́), á so ara ẹ̀ mọ́ àpáta, á wá máa fa okùn díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó wà nísàlẹ̀ ṣe ń bọ̀, ẹni yẹn á sì máa yọ àwọn irin tó kì yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan. Okùn náà sábà máa ń gùn tó 60 mítà, kò lè jù bẹ́ẹ̀ lọ kí wọ́n tó dúró, kí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ láti pèpéle tuntun. Ìbùsọ̀ okùn ni mo fẹ́ ká máa pe ìwọ̀n ìyẹn, láti pèpéle kan sí òmíì. Ní gbogbo ìbùsọ̀ yẹn, tí ọwọ́ ẹni tó ń tẹ̀ lé e bá yọ̀, gáìdì ló máa mú un dúró. Ẹ wá fẹ́ pe ẹni bẹ́ẹ̀ ní ẹni tó fi ọ̀nà hàn wá?

Ẹ wo Chamonix ní ilẹ̀ Faransé, lẹ́bàá Mont Blanc tó ga ju 4,800 mítà lọ. Lọ́dún 1820 yìnyín ya lulẹ̀ lórí òkè náà, ó pa gáìdì mẹ́ta. Lọ́dún 1821 àwọn gáìdì ìlú náà dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, ẹgbẹ́ yẹn ṣì ń bẹ títí dòní. Ẹ̀mí ló wà nínú iṣẹ́ yìí látìbẹ̀rẹ̀.

Torí náà àbá tèmi ni amúnipọ́nkè. "Mú" yẹn ń ṣe iṣẹ́ méjì: ó mú ẹ lọ, ó tún mú ẹ dúró kó o má bàa já. Àǹtí wa kan ní ká kúkú sọ pé amúnigòkè, àmọ́ gòkè ti di ti ṣọ́ọ̀ṣì àti ti àdúrà, tá a bá gbọ́ ọ, ọkàn wa ti lọ sí ìgòkè re ọ̀run tàbí ká máa gòkè àgbà. Gùn náà fẹ̀ jù. A ń gun ẹṣin, a ń gun ọ̀kadà, a ń gun àtẹ̀gùn. Tá a bá ní èèyàn pọ́n nǹkan, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́, ara ẹ̀ lẹ̀ mọ́ nǹkan ọ̀hún. Whitney yìí gan-an fi ìyàtọ̀ náà hàn. Lọ́dún 1873 apẹja mẹ́ta láti Lone Pine dé ṣóńṣó ẹ̀, 4,421 mítà, wọ́n gba apá ibi tí ẹsẹ̀ lè rìn, àwọn yẹn gun òkè. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1931, Robert Underhill, Norman Clyde, Glen Dawson àti Jules Eichorn gba ojú àpáta ti ìlà oòrùn, pẹ̀lú okùn, àwọn yẹn pọ́n àpáta. Òkè kan náà ni, iṣẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Kí n tó gbàgbé, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má kọ "àpáta pípọ́n". Ọ̀gẹ̀dẹ̀ pípọ́n lẹni tó bá kà á máa rántí, á rò pé àpáta tó pupa ni. Pípọ́n àpáta, kí ọ̀rọ̀ ìṣe ṣáájú, wàhálà tán.

Igbà ńkọ́? Mo fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yẹn gan-an, àwọn akọpẹ ló ni ín, ó sì dùn mí pé ọ̀pọ̀ ọmọ ìgboro ò mọ̀ ọ́n mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ná. Igbà yí ọ̀pẹ ká, ó yí ẹ̀yìn akọpẹ ká, akọpẹ á fara tì í, á máa jù ú sókè bó ṣe ń lọ, ẹnì kan ṣoṣo ló sì wà nínú ẹ̀. Okùn àwọn apọ́nkè, ẹni méjì ló wà ní orí ẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, kò sì sẹ́ni tó fara tì í nígbà tó ń gùn, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń gùn, ìgbà tí nǹkan bá yí ni okùn ń ṣiṣẹ́. Ká pe ìyẹn ní okùn, ó tó. Igbà gidi ni okùn kékeré tí kálukú fi ń so hánẹ́ẹ̀sì ẹ̀ (bẹ́líìtì tí wọ́n ń dè mọ́ ìbàdí àti itan) mọ́ àpáta tó bá ti dé pèpéle, èyí tó lè fara tì kó mí. Akọpẹ tó bá rí i á mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀.

Ti Áápù, mi ò ní pẹ́ lórí ẹ̀. Whitney ò sí ní Áápù, Amẹ́ríkà ló wà, ẹ sọ pé òkè gíga kẹ́ ẹ máa lọ. Gíránáìtì náà, ìyẹn irú àpáta tó wà ní Whitney, ẹ ṣọ́ra, torí tẹ́ ẹ bá dárúkọ ẹ̀ fún bíríkìlà ní Òṣogbo, òkúta wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń pò mọ́ sìmẹ́ǹtì fún dẹ́kìn ló máa rò, kò ní rò ó sí odindi òkè. "Akọ àpáta" dáa jù níbẹ̀ yẹn.

Ó ku àwọn ọ̀rọ̀ tí wọ́n á máa pariwo, èyí ló ń ká mi lára jù. Ẹ̀gbọ́n kọ ọ́ pé tẹ́ni tó ń gùn bá fẹ́ kí wọ́n dì í mú, kó pariwo "Dè é!", tó bá fẹ́ kí okùn tú díẹ̀, kó pariwo "Dẹ̀ ẹ́!". Lójú ìwé, àmì abẹ́ lẹ́tà ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Lẹ́nu, ohùn wọn bára mu, ìsàlẹ̀ lẹ́yìn náà òkè, kọ́ńsónáǹtì bára mu, fáwẹ̀lì nìkan ló yàtọ̀. Ẹni tó wà lókè jìnnà tó 50 mítà, wọn ò rí ara wọn, atẹ́gùn ń fẹ́, afẹ́fẹ́ tí èèyàn ń mí lókè yẹn ò ju nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún èyí tó wà létí òkun, èémí ò tó láti pariwo lẹ́ẹ̀mejì. Ọmọ tí ẹsẹ̀ ẹ̀ ń gbọ̀n á ké "Dè é", ẹnìkejì á gbọ́ "Dẹ̀ ẹ́", á tú okùn sí i. Àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì náà mọ irú ewu yìí, wọ́n máa ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé kí wọ́n má pe gbólóhùn tí ọ̀rọ̀ fún "fà á" àti ọ̀rọ̀ fún "tú u" jọ wà nínú ẹ̀, torí ọ̀kan péré lè dé etí.

Ohun tí mo dábàá ni pé kí gígùn ọ̀rọ̀ àti ohùn ẹ̀ yàtọ̀ pátápátá. "Dì mí mú!" fún ìgbà tó ń bẹ̀rù àtijá, sílébù mẹ́ta. "Okùn!" nìkan fún ìgbà tó fẹ́ kí okùn dẹ̀. "Mo ti so!" látẹnu ẹni tó ti so ara ẹ̀ mọ́ pèpéle. Mo kọ́kọ́ rò ó pé kí wọ́n máa ké "Òkúta!" tí òkúta bá ń já bọ̀, àmọ́ ó sún mọ́ "Okùn" jù, "Ṣọ́rí!" ló dáa. Kí kálukú sì kọ́kọ́ pe orúkọ ẹnìkejì, torí àwọn ẹlòmíì lè wà lórí àpáta kan náà. Tí atẹ́gùn bá wá le jù, kí wọ́n ti fẹnu kò nísàlẹ̀ lórí iye ìgbà tí wọ́n á fa okùn.

Iṣẹ́ ẹni tó di okùn yẹn mú, mo fẹ́ ká máa pè é ní ṣíṣọ́ okùn, ẹni náà ni aṣọ́kùn. Tẹ́nìkan bá ní èyí tó dáa jù bẹ́ẹ̀ lọ, pàápàá ẹ̀yin tí bàbá yín ṣe akọpẹ, ẹ mú un wá. Amúnipọ́nkè náà, ẹ lè bá mi jà lé e lórí títí ọdún máa fi yí po. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, ẹ yọ "dè é" àti "dẹ̀ ẹ́" kúrò lónìí, kí ìwé yẹn tó dé ọwọ́ àwọn ọmọ náà.