Iṣẹ́ máàpù lọ́dọ̀ àwọn agégi abẹ́ wáyà iná: ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí ọjọ́ Ẹtì tó pé

Àdùnní_Máàpù (ọjọ́ Ajé, 9:12 alẹ́)
Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Ọ̀rọ̀ yìí ti kán mi lójú. Ilé iṣẹ́ ńlá kan tó ń gé igi fún àwọn oníná ní Indiana, l'Amẹ́ríkà níbí, ní kí n wá máa ya máàpù fún àwọn. Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n fẹ́ gbọ́ èsì. OPT ni mo ń lò, ìyẹn àṣẹ tí wọ́n ń fún akẹ́kọ̀ọ́ tó wá láti òkèèrè kó lè fi ohun tó kà ṣiṣẹ́, mo sì ti jókòó sílé fún ọjọ́ 71. Ṣé kí n gbà á? Ẹni tó bá ti ṣe irú ẹ̀ rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn.

Baba Ìbejì Houston
Àbúrò, ọjọ́ 90 ni òfin gbà kí ẹni tó wà lórí OPT fi wà láìníṣẹ́. Yọ 71 níbẹ̀, ó ku 19. Kí lo tún ń rò? Gbà á, kí o máa wá òmíràn láti ibẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni kí o bi wọ́n: ṣé wọ́n wà nínú E-Verify, ètò ìjọba tí àwọn ilé iṣẹ́ fi ń yẹ àṣẹ iṣẹ́ èèyàn wò, ṣé wọ́n á sì bá ọ fọwọ́ sí I-983, ìwé ètò ìkọ́ṣẹ́? Bí wọn ò bá sí níbẹ̀, oṣù 24 tí wọ́n ń fi kún un fún ẹni tó ka sáyẹ́ǹsì ò ní tọ́ sí ọ lọ́wọ́ wọn.

Ọmọ RECTAS
Ṣé inú ọ́fíìsì ni wọ́n fẹ́ fi ẹ́ sí àbí inú igbó? Iṣẹ́ méjì ló ń jẹ́ máàpù lọ́dọ̀ àwọn agégi. Nínú ọ̀kan, wàá jókòó ti ArcGIS, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ya máàpù. Hẹlikópítà á ti fi LiDAR, ìmọ́lẹ̀ lésà tó ń wọn bí nǹkan ṣe jìnnà síra tó, ya gbogbo ojú ọ̀nà wáyà, ìwọ á wá máa wo ibi tí ẹ̀ka ti sún mọ́ wáyà jù. Nínú èkejì, wàá gbé tábílẹ́ẹ̀tì dání, wàá máa rìn láti òpó dé òpó, wàá máa kọ irú igi tó wà níbẹ̀, bó ṣe ga tó, ẹni tó ni ilẹ̀, àti ibi tí àwọn tó ń bọ̀ wá gé e máa gbà wọlé. Orúkọ kan náà ni wọ́n lè kọ sórí ìwé méjèèjì. Rí i pé wọ́n kọ iṣẹ́ GIS, ìyẹn máàpù orí kọ̀ǹpútà, síbẹ̀ kedere, torí iṣẹ́ tí kò bá tan mọ́ ohun tí o kà, OPT ò gbà á.

Ilé-Ifẹ̀ ni mo ti kọ́ tèmi, ní RECTAS, ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ máàpù, kí wọ́n tó yí orúkọ ẹ̀ padà sí AFRIGIST. Mo sọ ìyẹn torí àwọn kan máa ní iṣẹ́ igi kì í ṣe iṣẹ́ ẹni tó kàwé. Má gbà wọ́n gbọ́. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹjọ ọdún 2003, wáyà ńlá mẹ́ta ní Ohio fara kan igi tí wọn ò gé, lọ́kọ̀ọ̀kan, láàárín wákàtí kan. Kọ̀ǹpútà tó yẹ kó ké sí àwọn oníná ti kú, wọn ò sì mọ̀. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa ṣú, nǹkan bíi mílíọ̀nù 50 èèyàn ti wà lókùnkùn, láti Michigan dé New York, títí wọ Ontario ní Kánádà. Látìgbà náà ni wọ́n ti sọ gígé igi lábẹ́ àwọn wáyà ńlá di òfin tó ní owó ìtanràn. Ẹni tó fi àmì sí igi tó yẹ lórí máàpù ni ìbẹ̀rẹ̀ gbogbo ẹ̀.

Àdùnní_Máàpù
"Mapping technician" ni wọ́n kọ sí i. Dọ́là 23 ní wákàtí kan. Ẹ ṣeun gan-an.

Àkàndé GA
Àdùnní, jọ̀ọ́, ka eléyìí kí o tó fọwọ́ sí ohunkóhun. Ní 2021, mo ṣe iṣẹ́ yìí fún oṣù márùn-ún ní ìgbèríko Georgia. Mi ò ní dárúkọ wọn. Corolla tèmi ni mo ń wà káàkiri, kò sí àmì kankan lára ẹ̀. Wọ́n ní àwọn ti kọ lẹ́tà sí gbogbo onílé tó wà lójú ọ̀nà wáyà. Wọn ò kọ ọ́. Mo dúró lẹ́yìn ilé ọkùnrin kan, mo ń wọn àlàfo tó wà láàárín igi kan àti wáyà, ni mo gbọ́ ohùn lẹ́yìn mi. Ìbọn ló nà sí mi. Mo ju tábílẹ́ẹ̀tì sílẹ̀, mo dojú bolẹ̀ nínú koríko, ibẹ̀ ni mo wà títí ọlọ́pàá fi dé. Nígbà tí mo pe ọ̀gá mi, ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni pé òpó mélòó ló kù. Ọmọ mi ò ju ọdún méjì lọ nígbà yẹn. Títí dòní, bí wọ́n bá ṣílẹ̀kùn lẹ́yìn mi lójijì, àyà mi á já.

Ìyá Tòbí
Àkàndé, pẹ̀lẹ́ o. Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká rí irú ẹ̀ mọ́. Àdùnní ọmọ mi, fi iṣẹ́ yìí sílẹ̀ fún àwọn ọkùnrin. Lọ kọ́ nọ́ọ̀sì. Ọdún méjì ni, kò sì sí ìpínlẹ̀ tí wọn ò ti ń wá wọn.

Káyọ̀dé MD
Ìyá Tòbí, ẹ jọ̀ọ́ mà, ọmọ tó ku ọjọ́ 19 lẹ ń ní kó lọ kọ́ nọ́ọ̀sì? Ẹ̀gbọ́n Àkàndé, ẹ kú ewu. Ṣùgbọ́n ṣé ilé iṣẹ́ ńlá fúnra ẹ̀ lẹ bá ṣiṣẹ́, àbí ẹni tó gbaṣẹ́ lọ́wọ́ wọn? Ọdún mẹ́rin ni mo fi ṣe é ní Maryland. Pickup tí wọ́n kọ orúkọ ilé iṣẹ́ sí lára gàdàgbà ni mo wà, ẹ̀wù tó ń tàn yòò, káàdì tó ní àwòrán mi. Ajá nìkan ló lé mi. Àwọn agégi ńlá bí Asplundh ti wà láti 1928, Davey láti 1880, wọn ò lè ṣe bí ẹni tó gba iṣẹ́ oṣù mẹ́ta. Àdùnní, bi wọ́n bóyá wọ́n á fún ẹ ní mọ́tò. Bí tìrẹ bá ni, èló lórí máìlì kan? Sẹ́ǹtì 70 ni IRS, àwọn agbowó orí, kọ fún 2025.

Àkàndé GA
Lóòótọ́, lọ́dọ̀ agbàṣẹ́ṣe ni mo wà. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ àwọn ńlá yẹn náà ni mò ń ṣe, ilẹ̀ kan náà ni mò ń tẹ̀. Ṣé ọkùnrin yẹn á ka ohun tó wà lára mọ́tò kó tó gbé ìbọn?

Káyọ̀dé MD
Ẹ̀gbọ́n, mi ò sọ pé ohun tó ṣẹlẹ̀ sí yín kéré. Mo ní kó béèrè kó tó sá ni.

Baba Ìbejì Houston
Ẹ̀ ń dẹ́rù ba ọmọ yìí. Èmi ta epo lóru ní Houston fún ọdún mẹ́ta. Ta ni ò fojú rí ìbọn níbẹ̀?

Àkàndé GA
Baba Ìbejì, ẹ má fi tiyín pa tèmi rẹ́, sà.

Màmá Philly
Ẹ kú àárọ̀. Níwọ̀n ìgbà tí ẹ ti mọ̀ nípa igi: igi silver maple kan wà lẹ́yìn ilé mi tó ń gun wáyà tó wọlé láti orí òpó. Ta ló yẹ kó gé e?

Ọmọ RECTAS
Mà, igi tó bá wà lára wáyà tó wá láti òpó sí ilé, iṣẹ́ ẹ̀yin onílé ni gígé ẹ̀ sábà máa ń jẹ́. Ẹ pe oníná kí wọ́n kọ́kọ́ pa iná náà fún yín, kí ẹ tó pe agégi. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gun igi yẹn bí iná bá ṣì wà lára wáyà.

Àdùnní_Máàpù (ọjọ́ Bọ̀, 6:40 ìrọ̀lẹ́)
Ẹ ṣeun, gbogbo yín. Mo ti fọwọ́ sí i láàárọ̀ yìí. Inú igbó ni. Mi ò béèrè ti mọ́tò, ojú tì mí láti béèrè ohun tó pọ̀. Wọ́n wà nínú E-Verify. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń gbé ní Fort Wayne, ogún ìṣẹ́jú sí ọ́fíìsì wọn. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, wọn ò sì fún màmá wa ní físà láti wá bá a tọ́mọ. Ọ̀dọ̀ ẹ̀ ni mo fẹ́ wà. Ẹ̀gbọ́n Àkàndé, mo ka ọ̀rọ̀ yín lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Àkàndé GA
Ó dáa, àbúrò mi. Ẹ kú oríire ọmọ tuntun. Kí o tó dé ẹ̀yìn ilé ẹnikẹ́ni, kan ilẹ̀kùn iwájú, kí o sún sẹ́yìn kí wọ́n lè rí ojú ẹ. Orúkọ oníná wọn ni kí o kọ́kọ́ dá, kí o tó dá ti ilé iṣẹ́ ẹ. Bí ara ẹ ò bá gba ibì kan, kọ ọ́ sórí máàpù pé o ò rí àyè wọlé, kí o kọjá sí òpó tó kàn. Ẹnikẹ́ni tó bá ní kí o padà síbẹ̀, ní kó wá bá ẹ lọ. Wọ bàtà tó ga kọjá ọrùn ẹsẹ̀, kí o sì máa yẹ ara ẹ wò fún eégbọn lálaalẹ́. Ọjọ́ wo lo bẹ̀rẹ̀?