Ẹ̀rọ pólíìṣì wo ni kí n rà fún Camry dúdú?

Camry Ìjàpò: Ẹ kú ọ̀sán o, ẹ̀yin ará Àkúrẹ́. Camry dúdú ni mo ń gùn, tòkunbọ̀ ni. Tí oòrùn bá ti ràn sí i, ìlà wẹ́wẹ́ á yọ lára rẹ̀ bí ilé aláǹtakùn. Àwọn tó ń bá mi fọ̀ ọ́ ni mo fura sí, fóòmù tí wọ́n fi fọ táyà náà ni wọ́n fi ń fọ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Mo fẹ́ fọwọ́ ara mi tún un ṣe. Ẹnìkan fẹ́ ta ẹ̀rọ pólíìṣì tí wọ́n ń pè ní rotary fún mi, òun àti páàdì onírun. Ẹlòmíràn ní irú èyí tí wọ́n ń pè ní DA (dual action) ni kí n rà. Jẹnẹrétọ̀ kékeré ni mo ní nílé o.

Ará Arákalẹ̀: Rotary! Kíá ló ń ṣiṣẹ́. Má wojú ẹnikẹ́ni.

Pẹnítà Òkè-Àrò: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kó bá wọn. Rotary dáa lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n lò. Ojú kan ló ti ń yí, ooru rẹ̀ sì pọ̀. Bí ó bá fi lè dúró pẹ́ díẹ̀ létí ilẹ̀kùn, clear (ọ̀dà tí kò ní àwọ̀ tó bo ọ̀dà ọkọ̀ lókè) ti bọ́ nìyẹn, ọ̀dọ̀ wa lẹ ń bọ̀. (Èmi ò ní kọ owó o.) DA ń yí, ó tún ń mì síhìn-ín sọ́hùn-ún, ooru ò ráyè kó jọ. Ẹ ra èyí tí mímì rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 8 tàbí 15. Ti 21 ń yára lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, àmọ́ kò gbọ́ràn níbi tó bá tẹ̀ kọ́rọ́.

Páàdì gan-an ni kí ẹ fara balẹ̀ rà. Onírun ló ń gé jù (ìyẹn ni pé ó ń ha clear kúrò jù), microfibre, aláṣọ onífọ́nrán wẹ́wẹ́, tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà fóòmù líle. Fóòmù rírọ̀ ni ti dídán. Ẹ má fi àwọ̀ rà á, torí aláwọ̀ ọsàn ti ilé iṣẹ́ kan lè le, kí ti òmíràn rọ̀. Ẹ fọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Fóòmù rírọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ dán wò níbi kékeré kan, lábẹ́ ibòji, kí ara ọkọ̀ ti tutù. Tí ìlà yẹn bá ti lọ, ẹ má gòkè sí èyí tó le. Clear tí ọkọ̀ gbé dé láti ilé iṣẹ́ kì í sábà ju bíi máíkírọ̀n 40 sí 50 lọ (ẹgbẹ̀rún máíkírọ̀n ló wà nínú mìlímítà kan), kì í sì í hù padà. Ẹ ra fóòmù bíi márùn-ún, torí èyí tó bá ti mu kọ́mpáùn (ìpara tí a fi ń pólíìṣì) yó ò ní gé mọ́. Ṣé wọ́n ti tún ibì kankan kùn lára rẹ̀?

Camry Ìjàpò: Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀gbọ́n. Búùtù nìkan ni. Jẹnẹrétọ̀ ńkọ́?

Pẹnítà Òkè-Àrò: Ẹ rọra ṣe búùtù yẹn, ẹni tó kùn ún nìkan ló mọ bó ṣe nípọn tó. Ẹ lẹ tépù mọ́ gbogbo etí. Ní ti jẹnẹrétọ̀, ẹ ka wáàtì tó wà lára ẹ̀rọ náà kí ẹ tó sanwó. Rotary mìíràn ń jẹ ju 1,000 lọ, kékeré yẹn ò lè gbé e.

Wẹ́dà Ìlẹ́ṣà Gáréèjì: Grinder wà lọ́wọ́ mi. Ṣé mi ò lè so páàdì mọ́ ọn?

Pẹnítà Òkè-Àrò: Háà! Grinder kékeré ń yí tó ìgbà 11,000 ní ìṣẹ́jú kan, rotary kì í sábà ju 3,000 lọ. Irin ni kí ẹ máa fi gé, ọ̀gá mi.